Irin Inú Pọ́ọ̀sì Mi

Mẹ́ta ni Wákílù tẹ́ sórí àpò sìmẹ́ńtì
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó rélùwéè Òṣogbo,
níbi tí koríko ti ń bá irin ojú ọ̀nà ṣeré.
"Ìyá Tíṣà, ẹ mú èyí tó bá wù yín."

Àkọ́kọ́ pọ́n bí ata rodo,
irinṣẹ́ méjìdínlógún ló ká jọ sínú rẹ̀.
Kí n tó ṣí ìkẹta, èékánná mi ti ya.
Mo rí ṣóńṣó kan tó lẹ́nu méjì,
mo ní kí lèyí wà fún?
Ó ní wọ́n fi ń yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja.
Ẹja tí èmi ń jẹ, inú yìnyín ló ti ń wá,
kò sí ìwọ̀ kankan lẹ́nu rẹ̀.

Èkejì wúwo bí ọmọ oṣù mẹ́ta.
Ó ní àpò awọ tí wọ́n ń so mọ́ bẹ́líìtì.
Ìró ni mo ró.
Wákílù wo ìró, ó wo àpò awọ, ó gbé e sẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta rèé, kékeré, aláwọ̀ eérú,
ẹnìkan ti lò ó rí, ó fi ìṣó kọ lẹ́tà méjì sí i lára.
Ẹ̀mú, ọ̀bẹ, àlùmọ́gàjí, ìṣí-agolo,
sukudiráfà méjì: ọ̀kan nípọn,
ọ̀kan rí bí èékánná ọmọ jòjòló.
Mo pa á dé, ó dún kẹ́ṣẹ́.
Ìró yẹn ni mo san owó fún.

Àpótí irinṣẹ́ Gbádégẹṣin ṣì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn,
láti ọjọ́ tí a ti gbé òun fúnra rẹ̀ lọ.
Bí mo bá gbé e, ẹ̀yìn mi á pe orúkọ mi.
Nítorí náà, ohunkóhun tó bá bàjẹ́ nílé wa l'Ókè-Báálẹ̀,
ẹnu ọ̀nà Alágbà Ayélàágbé ni mò ń lọ.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu gáàsì. Ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ há.
Kò kọ̀ fún mi rí.
Ṣùgbọ́n "ẹ jọ̀ọ́" a máa rẹ ahọ́n.

Folúkẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín lórí fóònù láti Ìbàdàn:
"Màámi, ẹ̀mú nínú pọ́ọ̀sì?"
Mo ní ìwọ tí àtíkè mẹ́rin wà nínú tìrẹ,
ojú mélòó lo ní?

Mo ti fi fa ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ kíláàsì kejì.
Mo ti fi dè ẹsẹ̀ awò ojú Màmá Ọ̀ṣúndìran nínú ìsìn,
kí akọrin tó dé ẹsẹ kẹta, ó ti rí ìwé rẹ̀ kà.
Bí wọ́n bá mú iná lọ, ìka mi mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lókùnkùn,
bí ẹni mọ orí ọmọ rẹ̀.
Ẹni tó kọ lẹ́tà méjì yẹn,
mò ń ṣàdúrà fún un nígbà tí mo bá rántí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdè rẹ̀ tú.
Ọ̀bẹ ń mì lẹ́nu rẹ̀ bí eyín àgbà.
Sukudiráfà tó lè dè é, inú rẹ̀ náà ló wà.
Mo tẹ̀ ẹ́ síwájú, mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, kò kan ìdí ara rẹ̀.
Àwọn àgbà kúkú ti wí i nípa ọ̀bẹ àti èkù.

Mo kan ilẹ̀kùn.
Alágbà ní, "Ó mà pẹ́ o, Ìyá Tíṣà."
Ó yọ tirẹ̀ lápò ṣòkòtò, ó ti gbó ju tèmi lọ,
ó yí ìdè náà lẹ́ẹ̀mẹta.
Kẹ́ṣẹ́.
Mo ní ẹ ṣé. Kò rẹ ahọ́n mi.

Lókè orí wa, fáànù rẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ta.
Mo ní, láti ìgbà wo?
Ó ní eékún kì í jẹ́ kí òun gun àga mọ́.
Mo fa àga sábẹ́ rẹ̀,
mo ká ìró mi sókè díẹ̀.